Owó Tí Kò Béèrè Ìkúnlẹ̀

Òórùn dísẹ́lì ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé nígbà yẹn. Bí mo bá ti ya sínú kílóòsì wa ní Festac, kí n tó rí ilé, kí n tó rí ẹnikẹ́ni, òórùn yẹn á ti wá pàdé mi lójú ọ̀nà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ni wọ́n rì mọ́ ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí àwọn àgbà ti ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í sinmi. Tọ̀sán tòru ló ń kùn. Bí òjò bá wá rọ̀, òórùn omi kánààlì á dà pọ̀ mọ́ ti dísẹ́lì, gbogbo aṣọ tí a sá á sì gbà á sára. Ìwọ náà ti wá sílé wa rí, o mọ ohun tí mò ń sọ. Èpè ni mo máa ń ṣẹ́ fún òpó yẹn. N kò mọ̀ pé òun ni yóò kọ́ mi ní ohun tí yunifásítì gba ọdún lọ́wọ́ mi láì kọ́ mi.

Ilé alájà ni ilé wa, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ láyé ọjọ́un tí wọ́n wá tà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni mo ń gbé, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkéde òkú. Dádì ni mò ń pè é. Ilé-iṣẹ́ tó ni òpó ń san owó ilẹ̀ fún gbogbo ará ilé, owó yẹn sì ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Àwọn kan ní kí a fi kun ilé, àwọn kan ní kí a fi ṣe géètì onírin. Níbi ìpàdé kan ní pálọ̀ wa ni ìyá opó tó ń gbé òkè pátápátá, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Òkè, ti dìde. Iṣẹ́ akápò ló fi ayé rẹ̀ ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní òun kò fẹ́ ọ̀dà, òun kò fẹ́ géètì. Ó ní kí a máa pín owó náà lóṣooṣù fún gbogbo àgbàlagbà tó ń sùn nínú ilé, iye kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè ohun tí ẹnìkejì fẹ́ fi ṣe.

"Títí kan ọmọ ọ̀dọ̀?" Dádì béèrè.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í jẹun ni?"

Dádì dìde dúró, ó tún fìlà ṣe. Ó ní owó tí ènìyàn kò làágùn fún, ọ̀lẹ ló ń sọni dà, pé Bíbélì kúkú ti sọ ọ́, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Gbogbo pálọ̀ ṣe "Àmín" bí ìṣe wọn, torí Bíbélì kì í kọjá kí àwọn ará kílóòsì wa má ṣe àmín. Mọ́mì Òkè bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, oore-ọ̀fẹ́, oore-ọ̀fẹ́ ni ẹ ó máa kọ lórin títí ohùn á fi há. Oore tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ ń pariwo yẹn o! Ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ wá kanlẹ̀kùn, ẹ ní kó lọ mú owó ìwọlé wá." Àwọn tó ṣàmín lẹ́ẹ̀kan náà ló tún rẹ́rìn-ín jù. Ó wá ní kí wọ́n kà á ní orí, kí wọ́n má kà á ní ilẹ̀kùn, nítorí bí wọ́n bá kó o fún baálé nìkan, wọ́n ti sọ àwọn tó kù di alágbe nínú ilé tí wọ́n ń sùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló borí, òun náà ni wọ́n sì ní kó máa pín in. Kì í kúkú ṣe pé gbogbo wọn gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọlọ́dà kò fẹ́ kí àwọn onígéètì rí i gbà ni, àwọn onígéètì náà kò sì fẹ́ kí àwọn ọlọ́dà rí i gbà.

Oṣù àkọ́kọ́ tí owó náà wọ fóònù mi, mo jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo gun òkè lọ. Ìwọ náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó ṣe ọ́ lóore lánàá, bí ilẹ̀ bá mọ́, o gbọ́dọ̀ padà lọ kí i kú àná. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mọ́mì Òkè. "Ẹ ṣeun àná, mà."

"Kí ni mo ṣe lánàá?"

"Owó tí ẹ fi ránṣẹ́, mà."

"Ṣé owó mi ni? Dìde jàre, ilẹ̀ tutù." Ó sì padà sídìí redíò rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ tí wọ́n kò gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gba owó kan rí tí kò ní kí n padà wá dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Owó náà kò sì pọ̀ o, kí o má lọ rò pé a di olówó. Kò tó sanwó ilé, kò tó ra bàtà gidi. Ó tó ìrẹsì, ó tó epo àti ata, ó tó owó ọkọ̀ lọ sí Mazamaza kí n sì tún padà, bí mo bá fọgbọ́n ṣe é. Òun náà nìyẹn.

Nígbà yẹn, iléèwé aládàáni kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Màdáámù ni gbogbo wa ń pe ìyá tó ni iléèwé náà. Iléèwé mọ́ tónítóní, oògùn apakòkòrò ìsáàlì ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, òórùn rẹ̀ á máa ta ni nímú láti ẹnu ọ̀nà. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ti san owó oṣù, kí àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì, àwa tíṣà á tò síwájú wọn, obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, a ó pa ohùn pọ̀: "Màdáámù, a dúpẹ́ oore àná." Màdáámù á dúró sórí àtẹ̀gùn, báàgì á rọ̀ sí i lọ́wọ́, lọ́fínńdà rẹ̀ á máa bá ìsáàlì jà. Á ní, "Ẹ ó rí òmíràn gbà." Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Èmi àti ìkúnlẹ̀ kò jà. Títí di òní mo ń kúnlẹ̀ kí màmá mi, orúnkún mi méjèèjì ló ń kanlẹ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ohun tí mò ń bá jà ni irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: oore àná. Oore wo? Ẹni tó ti fi gbogbo oṣù pariwo lójú ọmọ ogójì, tó ń gbé ìwé wọn relé lọ máàkì, tí ohùn rẹ̀ há, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, owó iṣẹ́ ni ẹ fún un, kì í ṣe oore. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí à ń sọ ló tàn wá. Wọ́n kó owó iṣẹ́ sínú àpò oore, wọ́n dé e, gbogbo wa sì ń dọ̀bálẹ̀ fún àpò. Èmi náà ṣe é títí, ara kò tilẹ̀ ta mí. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ni mò ń ronú ohun tí a ó jẹ lálẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí owó òpó ti ń wọlé, mo ṣàkíyèsí pé oorun mi yí padà. Mo ń sùn wọra. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé mo ń gbọ́ ohun tí n kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ebi náà, ebi ni. Ẹni tí kò tíì sí ebi nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ pé ebi á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ọ̀gá bá bínú, ọ̀rọ̀ mìíràn kò lè wọ inú òun náà. Àti pé "rárá" wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn. Òun gan-an ni olórí wọn.

Ọ̀kan nínú àwa tíṣà, ọkùnrin àgbà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, Bọ̀dá Ìṣirò là ń pè é, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kàwé níbẹ̀, ìlàjì owó ni Màdáámù ń gbà lórí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ kan, òjò ti rọ̀, iyanrìn ṣì tutù. Nígbà tí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, Bọ̀dá Ìṣirò bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fẹ́ nàró. Màdáámù ní, "Tíṣà Ìṣirò, ṣé báyìí ni ìyá yín kọ́ yín? Ẹ jẹ́ kí àyà kan ilẹ̀ jàre." Ó dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè dìde, ọwọ́ kan lórí orúnkún, ọwọ́ kan lẹ́yìn, iyanrìn sì lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ láti ọrùn dé ìgbànú. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọ rẹ̀ níbi tó tò sí. Bàtà rẹ̀ ni ó ń wò. Kò pàtẹ́wọ́.

Ó kan àwa obìnrin. Gbogbo wọn kúnlẹ̀. Irọ́ ni bí mo bá ní mo ti gbèrò rẹ̀ láti ilé. Orúnkún mi ni kò tẹ̀.

"Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì," ni Màdáámù wí, "ṣé orúnkún ń dùn yín ni?"

"Rárá, mà. Ara mi le koko."

"Kí ló wá dé?"

"Iṣẹ́ ni mo ṣe, mà. Ẹ sì ti san owó rẹ̀. Kò sí oore níbẹ̀."

Háà! Màdáámù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ ibi tí ó di ènìyàn mú. Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó tún yíjú sí mi. "Ó dáa. Kí lẹ ó wá máa jẹ lóṣù tó ń bọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni okùn tí wọ́n fi so gbogbo wa mọ́lẹ̀. Òun ni wọ́n ń bi tíṣà, òun ni wọ́n ń bi dẹ́rẹ́bà, òun ni wọ́n ń bi ìyàwó ilé. Kò sí ẹni tó ń dáhùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀, orí á tẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló mọ̀, lọ́jọ́ yẹn, èsì wà lẹ́nu mi.

"Ìrẹsì, mà."

Ẹ̀rín bú láàrin àwọn ọmọ títí dé ẹ̀yìn. Kí agogo ìsinmi tó dún, wọ́n ti lé mi.

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń lọ sílé, kí n má parọ́ fún ọ. Dádì ti gbọ́ kí n tó dé, torí ayé fóònù la wà. Ó ti dúró sí pálọ̀, ìwé ìròyìn ti di okùn ní ọwọ́ rẹ̀, ó ti lọ́ ọ títí. "Ṣé owó òpó yẹn ló ń gun ọ́ lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun ni."

"Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ nípàdé! Mo ní ọ̀lẹ ló ń sọni dà!"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Owó ìfẹ̀yìntì yín ńkọ́? Ó ń wọlé lóṣooṣù, ẹ kì í lọ sí ọ́fíìsì mọ́. Ṣé ẹ ti ya ọ̀lẹ?"

Ọkùnrin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun ni ó ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà kílóòsì wa ní gbogbo Sátidé, òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìwé kíkà lábẹ́ igi álímọ́ńdì, kò sì sí ẹni tó rán an, kò sí ẹni tó ń sanwó fún un. Níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ ti dájú, iṣẹ́ tó wù ú ló ń ṣe. Ó mọ̀ pé mo ti mú òun. Ó jókòó, ó ní, "Lọ jẹun."

Oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e, mo jẹ ìrẹsì àti epo títí ahọ́n mi fi gbàgbé ẹran. Ṣùgbọ́n mo wá iṣẹ́ bí ènìyàn, n kò wá a bí ẹni tí iná ń jó. Ọkùnrin kan ní Mazamaza fẹ́ gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ohun tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni kí n máa múra dáadáa kí n sì máa rẹ́rìn-ín sí àwọn oníbàárà. Ó ń wo àyà mi bí ó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní rárá, ẹ ṣeun, sà. Ká ní ebi ń pa mí ni, n bá ti rẹ́rìn-ín náà, n bá sì tún lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti fún mi níṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo wọlé, mo bá Bọ̀dá Ìṣirò lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Mo rò pé ó wá yìn mí ni. Kò yìn mí. Ó ní Màdáámù ti kó ìdúpẹ́ kúrò níwájú àwọn ọmọ, ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ọmọ mi sọ̀rọ̀ rẹ nílé," ó ní. "Ó ní kí ló dé tí èmi kò ṣe bíi tìrẹ."

"Bọ̀dá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni. O rò pé mi ò lẹ́nu? Mo lẹ́nu dáadáa, àbúrò. Àwọn ẹnu tó kù nílé ni kì í jẹ́ kí n là á."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Gbogbo ènìyàn ní Festac ló ń pè mí ní akọni nígbà yẹn, mo sì ti fẹ́ máa gbà á gbọ́. Akọni kọ́. Bọ̀dá Ìṣirò tó ń fi ẹ̀yìn dídùn dọ̀bálẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé, ó ní ìgboyà tí èmi kò ní. Ohun tí mo fi jù ú lọ ni àpò ìrẹsì. Inú wá bí mi, ó bí mi gidi. Ta ló pín in báyìí, pé kí ó jẹ́ ẹni tó bá bọ́ sí ilé tí òpó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni yóò lè nàró?

Èmi àti òun la jọ dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Alákijà, nínú yàrá kan tí ògiri rẹ̀ ń là. Kí a tó ra pátákó ìkọ̀wé rárá, a ti fi ẹnu kò lórí ohun kan: ohunkóhun tó bá wọlé, a ó kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ oṣù fún gbogbo ẹni tó bá ń bá wa ṣiṣẹ́, iye kan náà. Owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá á gbà á. Ẹni tó bá wa jà á gbà á. Ẹni tó bá fi wá sílẹ̀ á ṣì máa gbà á títí á fi rí ibi tí yóò fìdí lé. Wọ́n ní orí wa ti yí. Dádì ní kí a gba àwẹ̀. Ẹnì kan sì wà tó jẹ ẹ́ mọ́ wa lójú o: ó gba owó oúnjẹ, ó nà gbalaja sílé, kò kọ́ ọmọ kankan, ó tún ń kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín lójú ọ̀nà. Ó dùn wá wọra. A kò yí òfin padà. Ẹnì kan tó sùn kò tó ìdí láti ní kí gbogbo àwọn tó kù máa wárìrì.

Lọ́dún tó kọjá, a gba ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní físíìsì, ọmọ tó jẹ́ pé bí ó ṣe kọ́kọ́ dé, bí o bá ní kó fò, á béèrè bí ó ṣe ga tó. Lọ́sẹ̀ kan, àwọn òbí kan ń bọ̀ wá wo ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Mo sọ fún un pé kó wá bá wa tún yàrá ṣe kó sì dúró gbà wọ́n lálejò. Ó nu ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó wò mí lójú.

"Rárá, mà. Mi ò ní wá. Sátidé mi ni."

Orí mi gbóná. Ọ̀rẹ́ mi, orí mi gbóná! Èmi? Ọmọ àná yìí? Ọ̀rọ̀ burúkú kan dé orí ahọ́n mi, ó ti fẹ́ bọ́. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó fi orúnkún kan ilẹ̀ díẹ̀, "Ó dàárọ̀, mà," ó sì jáde lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Bọ̀dá Ìṣirò tó jókòó sígun bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "O fẹ́ kí gbogbo ayé lómìnira, àbí? Àyàfi tó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n máa sọ pé rárá fún."

Mo jókòó. Mo gbé ọ̀rọ̀ burúkú yẹn mì. Nígbà tó yá ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni tó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀; ẹni tó ń bọ́ ọ ló ni ín. Gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni, mà" tí ọmọ yẹn ti ń sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, mo mọ̀.

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi wá pé kí la rí rà pẹ̀lú owó tí à ń fún àwọn ènìyàn láì kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Rárá la rà. Rárá gidi, tí wọ́n sọ sí mi lójú, ní gbangba, ní yàrá tí mo ń sanwó rẹ̀. Bí oṣù bá tún parí, a ó tún rà sí i.